Ẹ̀fúùfù Tẹ Bíréèkì

Bàbá Bíréèkì kì í ṣe orúkọ tí òbí sọ ọ́ o. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ wo? Ó ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà. Ọkọ̀ tó fi ń kọ́ wọn, bíréèkì méjì ló ní: ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ òun alára. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fẹ́ forí ọkọ̀ sọ ògiri, bàbá á tẹ tiẹ̀, gbì! Ọkọ̀ á dúró, akẹ́kọ̀ọ́ á fẹnu ko sítẹ́rìn, bàbá á ní, "O ò kú. Ògiri ò kú. Ó yá, ṣíná sí i." Ó ti tẹ bíréèkì yẹn títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti ki ju tòsì lọ. Tó bá ń wo tẹlifíṣàn tí ọkọ̀ bá ń sáré níbẹ̀, ẹsẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀ ilé gbì-gbì. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé a máa sọ pé nínú gbogbo obìnrin ayé, òun nìkan ni wọ́n ń tẹ bíréèkì mọ́ lójúgun lójú oorun.

Lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Ọmọ yìí ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, ó sì bímọ méjì. Àkọ́bí, obìnrin ni. Ẹ̀fúùfù ni bàbá ń pè é, torí ọmọ náà ò mọ ìrìn, eré ló mọ̀. Tí wọ́n bá ní kó lọ bu omi wá, ife á ti dé kí omi tó dé. Èkejì, ọkùnrin ni, Ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí kò ní fẹjọ́ ẹ̀ sùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá wọn ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tó ti jókòó. Ó ní, "Bàbá, mo yà sílé ìwé. Tíṣà ní Ẹ̀fúùfù mọ̀wé o, ṣùgbọ́n tó bá ń kà á, bí ẹni tí ajá ń lé ni. Kì í mọ ohun tó kà. Ìdánwò ìwé kíkà sì ti sún mọ́lé. Ẹni tí kò bá yege, ó máa tún kíláàsì rẹ̀ kà ni."

Ọlọ́pàá, tí kíláàsì tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gẹ́lẹ́, gbé orí sókè nínú ohun tó ń jẹ. "Ìyẹn ni pé a jọ máa wà ní kíláàsì kan náà?"

Ó gé òkèlè míì.

"Kò burú," ló wí. "Màá bá ẹ gba àyè sílẹ̀ lẹ́yìn."

"Màá gbá ẹ létí!"

"Màmá, ó ní òun máa gbá mi létí!"

Bàbá wo ọmọbìnrin náà. Kò sunkún. Ó kàn di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó ń lọ́ ọ, ó ń lọ́ ọ bí ẹni fún aṣọ tútù. Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá lára. Kí àbúrò ẹni wá bá ẹni lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kó máa pe ẹni lórúkọ ṣákálá bí ẹgbẹ́! Àbí kó kọjá lára ẹni lọ pátápátá lọ́dún tó ń bọ̀! Èyí kúrò lọ́rọ̀ ìwé, ọ̀rọ̀ ipò àgbà ni.

"Gbé ìwé yẹn wá," bàbá wí. "Kà á kí n gbọ́."

Ẹ̀fúùfù ṣíwèé, ó já lu ìwé bí òjò tó ya lu òrùlé páànù. Ajá ọdẹ kan wà níbẹ̀, ẹtu kan wà níbẹ̀, odò kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn jọ ń yí gbirigbiri bọ̀ lọ́nà kan náà ni. Kó tó di pé bàbá fa ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó ti pa ìwé dé.

"O ṣeun, ìyá mi. Kí ni ajá yẹn wá ṣe?"

Ẹ̀fúùfù wò ó. "Ajá wo?"

Bàbá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ nǹkan? Ọmọ yìí ò lárùn kankan. Bíréèkì ni ò ní."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó mọ́tò wọnú ọ̀rọ̀ ìwé."

"Èwo ni kì í ṣe mọ́tò níbẹ̀? Ọ̀nà ni ìwé. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lójú ọ̀nà, kò mọ ibi tó gbà kọjá. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó ti rẹ obìnrin náà. Látàárọ̀ ló ti ń gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù. Ó ní, "Ẹ sáà má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ rìn."

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí Ẹ̀fúùfù bá ti dé láti ilé ìwé, á wọnú ọkọ̀ ẹ̀kọ́ tó wà níwájú ilé, á jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó, ìrọ̀rí méjì lábẹ́ ìdí, ìwé lórí sítẹ́rìn. Bàbá á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀, ẹsẹ̀ lórí bíréèkì.

"Àmì tó nírù yìí," bàbá á ní, á nàka sí i, "kòtò kékeré ni. Fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀, kó o mí, kó o máa lọ. Àmì tóótó tí kò nírù yìí, tó ń parí gbólóhùn, oríta ni. Dúró! Dúró pátápátá! Má wulẹ̀ rọra fà á kọjá bíi tàwọn wèrè ìgboro. Tó o bá dúró tán, kí lo máa ń ṣe ní oríta?"

"Màá wo òsì, màá wo ọ̀tún."

"Kú iṣẹ́. Wo òsì, bi ara rẹ pé, ta ni? Wo ọ̀tún, bi ara rẹ pé, kí ló ṣe? Tó o bá ti rí méjèèjì, ọ̀nà mọ́, máa lọ. Tó ò bá rí wọn ńkọ́?"

"Màá bú sẹ́kún?"

"Wàá rìfáàsì! Gbọ́wọ́ sẹ́yìn ìjókòó, bojú wẹ̀yìn dáadáa, kó o padà síbi tí gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú ò sí nínú rìfáàsì. Ọ̀dà tó họ lára ọkọ̀ ni ìtìjú."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá tẹ bíréèkì títí ọkọ̀ tí kò rìn fi ń mì. Bí ọmọ bá ti fo tóótó kan, gbì! "O ti pa èèyàn!" Bó bá ti gbé ọ̀rọ̀ gígùn kan mì láìjẹ ẹ́, gbì! "Kòtò ńlá nìyẹn! Wọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́, jáde pẹ̀lẹ́!" Àwọn tó ń kọjá lọ máa ń dúró wò wọ́n. Ọ̀kan béèrè pé, "Bàbá, ṣé ọkọ̀ yìí ò ṣiṣẹ́ ni?" Bàbá dá a lóhùn pé, "Ó ń lọ, ìwọ ni ò rí i."

Ẹnìkan tún wà níbẹ̀ o, Wẹ́dà. Wẹ́dà yìí, irin ló ń jó pọ̀ níṣẹ́, èèyàn gìrìwò, apá bí òpó. Ṣùgbọ́n bó bá di sítẹ́rìn mú, òógùn á bò ó bí ọmọ tí wọ́n ń gé irun fún. Ó ti ṣe ìdánwò mọ́tò títí, àwọn tó ń dán an wò ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n máa ń béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ Ẹ̀fúùfù ni tiẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ dè é.

"Ó tó, Ẹ̀fúùfù," bàbá wí lọ́jọ́ kan. "Bọ́ sílẹ̀, ó kan Wẹ́dà."

"Háà, bàbá!" Wẹ́dà lọgun. "Ẹ jẹ́ ó parí ẹ̀ ná. Ẹtu yẹn ti dé etí odò o!"

"Ṣé ẹtu ló máa gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún ẹ?"

"Ẹ ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó lè mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ."

Nígbà tó yá, bíréèkì bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi. Ọmọ náà á kà, á dúró, ọrùn á yí sósì, ọrùn á yí sọ́tùn-ún, á máa lọ. Kò sọ pé "Ajá wo?" mọ́ tí wọ́n bá bi í ní ohun tí ajá ṣe. Ó tiẹ̀ ń sọ ohun tí ẹtu rò nípa ajá. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ níjọ́ kan láti ojú fèrèsé, ó gbé àwo tó ń nù sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe, ẹ máa ṣe é lọ."

Bàbá wú bí búrẹ́dì.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ọkọ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi gbé e lọ. Wẹ́dà ló wà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè kúrò nílé. Ní ẹnu géètì, bàbá di ọwọ́ ọmọ mú. "Ṣé o rántí?"

"Òsì, ta ni. Ọ̀tún, kí ló ṣe. Tó bá rú mi lójú, rìfáàsì."

"Má fo oríta kankan o, bó ti wù kó kéré mọ."

"Mi ò ní fò ó, bàbá."

Ó sì ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ẹ̀yin èèyàn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Wẹ́dà ń gbìyànjú láti rìfáàsì wọ àyè kan tí ọkọ̀ àjàgbé lè yí po nínú rẹ̀ nígbà tí fóònù bàbá dún. Ohùn obìnrin ni. Ó ní kí bàbá àgbà Ẹ̀fúùfù máa bọ̀ nílé ìwé, pé wọ́n mú ọmọ náà níbi tó ti ń jíwèé wò.

"Jí kí ni wò?"

"Ìwé, sà. Nínú ìdánwò."

Bàbá tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ti dúró tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó máa dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, Ẹ̀fúùfù wà ní kọ̀rọ̀ kan, ó ń lọ́ etí aṣọ rẹ̀. Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn tábìlì, obìnrin jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín kò fà ro. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni obìnrin kan tí wọ́n rán wá láti ibòmíràn pé kó ṣọ́ ìdánwò, ó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́rùn. Ìwé ìdánwò Ẹ̀fúùfù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú bí ẹni mú ejò lọ́rùn.

"Bàbá, mi ò tíì dé òpin ọ̀nà tí wọ́n fi gba mọ́tò lọ́wọ́ mi," Ẹ̀fúùfù wí, omi sì dà lójú rẹ̀.

Onígíláàsì ní, "Ẹ gbọ́ o, bàbá. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣọ́ ìdánwò, mi ò rí irú èyí rí. Àwọn tó ń jíwèé wò máa ń yọ́ ọ ṣe. Èyí ò yọ́ nǹkan kan! Òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, bí alángbá tó ń ṣọ́ eṣinṣin. Mo kìlọ̀ fún un, ó ní 'Ẹ ṣé, mà,' ó tún wo ọ̀tún. Òfin wa sì ni pé ẹni tí a bá mú, òdo ni."

"Màdámù, ẹ má bínú," bàbá wí. "Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo kọ́ ọ."



"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ?" Ọ̀gá béèrè.

"Èmi ni. Ojoojúmọ́, nínú ọkọ̀ mi."

"Nínú ọkọ̀!" Onígíláàsì gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀ kó lè rí irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ dáadáa. "Ẹ wà níbẹ̀, ẹ ń kọ́ ọmọ kékeré pé kó máa wo òsì wo ọ̀tún nínú ìdánwò?"

"Àti ẹ̀yìn," bàbá wí. "Tí kò bá rí nǹkan kan lósì àti lọ́tùn-ún, mo ní kó bojú wẹ̀yìn."

"Ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀!" Onígíláàsì pàtẹ́wọ́. "Òótọ́ ni! Ó gbọ́wọ́ sẹ́yìn ìjókòó, ó yíjú padà pátápátá, mo rò pé ẹnìkan ń pè é ni!"

Bàbá rí i pé bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kòtò ń jìn sí i. Ó dìde, ó fa àga kan sáàárín ilé, ó jókòó, ó di sítẹ́rìn tí kò sí níbẹ̀ mú. Ó ṣàlàyé oríta. Ó ṣàlàyé kòtò. Ó gbọ́wọ́ sẹ́yìn àga, ó rìfáàsì, àga fọwọ́ ba garawa ìdọ̀tí, garawa ṣubú. "Màdámù, ẹ foríjì mí. Lójú ọ̀nà gangan, èmi kì í kọlu nǹkan."

Ọ̀gá wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ìtàn àròsọ nìyẹn," Onígíláàsì wí.

"Ẹ dúró ná," Ọ̀gá wí. "Ẹ̀fúùfù, níbo lo jókòó sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ ògiri, mà."

"Ta ló wà lọ́tùn-ún ẹ?"

"Ògiri, mà."

"Wọ́n lè kọ nǹkan sára ògiri," Onígíláàsì wí kíá.

Gbogbo wọn bá kọrí sí kíláàsì. Àwọn ọmọ ti jáde. Lóòótọ́ nǹkan wà lára ògiri níbẹ̀. Ẹnìkan ti fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà: "Ẹ MÁ KỌ NǸKAN SÁRA ÒGIRI." Ìwé ọmọ tó jókòó lósì náà ṣì wà níbẹ̀. Àwòrán bọ́ọ̀lù mẹ́ta àti bàtà kan ló yà síbi ìdáhùn.

Ọ̀gá wo ògiri, ó wo bọ́ọ̀lù, ó wo Onígíláàsì. Onígíláàsì ní, "Èmi ò sọ pé ó mọ ibi tó yẹ kó jí wò. Ohun tí mo rí ni mo sọ. Mi ò lè fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀."

"Òótọ́ lẹ sọ," Ọ̀gá dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ á ṣe báyìí. Màá fún un ní àyọkà míì tí kò rí rí. Nínú ọ́fíìsì mi, òun nìkan, kò sí ọmọ kankan nítòsí. Kó kà á sókè. Tó bá mọ̀ ọ́n, a ó dá ìwé rẹ̀ padà fún un kó parí ẹ̀. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, òdo tó gbà náà ni. Bàbá, ẹ lè jókòó tì wá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, ó parí."

Wọ́n padà sí ọ́fíìsì, bàbá jókòó. Ó di ẹnu rẹ̀ bí ẹni di àpò sìmẹ́ńtì. Ìgbà yẹn ló wá yé e pé ọkọ̀ tí ọmọ yìí fẹ́ wà lónìí, kò ní bíréèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun.

Ẹ̀fúùfù nu ojú, ó gbé ìwé. "Ìyá arúgbó kan ní pẹ́pẹ́yẹ méjì." Ó dúró. Ó wo òsì, kọ́bọ́ọ̀dù ló wà níbẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ìgbálẹ̀. Ó tẹ̀síwájú. "Ó fẹ́ràn wọn bí ojú." Kọ́bọ́ọ̀dù, ìgbálẹ̀. Onígíláàsì bojú wo kọ́bọ́ọ̀dù náà bóyá nǹkan wà lára ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ dáadáa, títí ó fi dé ibì kan tí ẹni tó kọ ìwé ti gbàgbé pé èèyàn ń mí. "Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá náà gbé garawa rẹ̀ rù, ó wúwo ju ti àná lọ, ó ṣí ilẹ̀kùn ọgbà, ó rí i pé pẹ́pẹ́yẹ kan ti dàwátì, ó wá ẹ̀yìn ilé, ó wá abẹ́ kẹ̀kẹ́..." Kò sí oríta! Ọ̀nà gbọọrọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́! Ohùn Ẹ̀fúùfù bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ọ̀rọ̀ ń gun ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Òjò orí páànù ti dé! Bàbá ń wò ó bó ṣe ń lọ, òógùn bò ó bíi Wẹ́dà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọ́fíìsì, gbì! Kò sí nǹkan tó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ni, kò já mọ́ nǹkan kan. Ó ya ẹnu, ó rántí, ó fi eyín gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì, ó gbé e mì.

Ni Ẹ̀fúùfù bá dákẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ni o. Láàárín ọ̀nà, láìsí oríta, ó fi ìka tẹ àmì onírù kan mọ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Rárá, ó ti ń gbé mi lọ." Ó gbọ́wọ́ sẹ́yìn àga, ó bojú wẹ̀yìn, kàlẹ́ńdà nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì padà síbi tí gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún un kà, pẹ̀lẹ́, kòtò kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi jáde sí títì.

Nígbà tó parí, Ọ̀gá bi í pé, "Ta ló gbé pẹ́pẹ́yẹ ìyá yẹn lọ?"

"Kò sẹ́ni tó gbé e, mà. Inú garawa tó wà lórí ìyá náà ló wọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí garawa fi wúwo ju ti àná lọ. Ó ń wá a kiri, òun ló sì rù ú."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, kò wúkọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ọrùn yẹn rọra o. Kàlẹ́ńdà yẹn ti ń tijú."

"Fi ojú inú wo òsì àti ọ̀tún láti òní lọ," Ọ̀gá sọ fún ọmọ náà. "Kí ọrùn dúró sójú kan. Bàbá, ṣé ẹ fara mọ́ ọn?"

Bàbá ò gbọ́. Ó ṣì ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá," Ọ̀gá wí, "ẹ̀yin náà, kí ni pẹ́pẹ́yẹ yẹn ṣe?"

Bàbá gbójú sókè. "Pẹ́pẹ́yẹ wo?"

Ẹ̀rín tí Ẹ̀fúùfù rín lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní kíláàsì àbúrò rẹ̀. Wọ́n dá ìwé ìdánwò padà fún un, ó parí ẹ̀ níbi kọ́bọ́ọ̀dù, ọrùn gan bí ti sójà. Nígbà tí èsì jáde, ó yege. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ṣì, ó sì ní bíréèkì òun ò kúkú burú, ojú ọ̀nà ibẹ̀ ni ò dáa. Ọlọ́pàá fajú ro. Ó ní òun ti gba àyè sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó fi ẹsẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kejì èsì, bàbá jókòó ti Wẹ́dà nínú ọkọ̀ ẹ̀kọ́, Ẹ̀fúùfù wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé tuntun. Inú bàbá ń dùn. Ó ronú sí ọ́fíìsì yẹn, ó ronú sí ẹsẹ̀ òun tó ń tẹ ilẹ̀ lásán tí ọmọ sì dúró fúnra rẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, àbí èmi ni mi ò jẹ́ kí àwọn èèyàn yìí mọ ọkọ̀ wà? Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó ká a sábẹ́ ìjókòó.

"Wẹ́dà, ọ̀nà dọwọ́ ẹ."

"Ọwọ́ mi? Èmi nìkan?"

"Ìwọ nìkan."

Wẹ́dà ṣíná, inú rẹ̀ dùn, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀fúùfù ò gbé ojú kúrò nínú ìwé. Ó kàn ní, "Wẹ́dà, ẹ wo òsì."

Wẹ́dà wo ọ̀tún.

Kò sẹ́ni tó ṣèṣe, a dúpẹ́. Ọgbà ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n já sí, àárín okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun kan sì bo iwájú ọkọ̀ látòkè délẹ̀. Nínú òkùnkùn funfun yẹn, ohùn bàbá ló kọ́kọ́ jáde.

"O ò kú," ló wí, ó rọra na ẹsẹ̀ padà sórí bíréèkì. "Aṣọ ò kú. Ó yá, rìfáàsì."